Ọ̀nà Àwọn Asunèédú, láti Adágún Idro dé Pápá Ìjẹko Alpo: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó dé bá wa lórí ìrìn òkè pọ̀ lóṣù yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dá lórí agbègbè kan: òkè tó dìde létí adágún Idro ní àríwá Ítálì, níbi tí ìpínlẹ̀ Brescia àti ìpínlẹ̀ Trento ti pààlà. Ojú omi adágún náà fi mítà 368 ga ju ojú òkun lọ. Baitoni wà létí omi, abúlé Bondone wà lókè rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 700, pápá ìjẹko tí wọ́n ń pè ní Alpo sì tún wà lókè wọn, ní nǹkan bíi mítà 1,500. Iṣẹ́ èédú sísun ni wọ́n mọ àwọn ará Bondone sí láyé àtijọ́. Tìyàwó tọmọ ni wọ́n máa ń kó lọ sínú igbó nígbà ìrúwé, ó di ìgbà ìwọ́wé kí wọ́n tó padà wálé. Ọ̀nà tí wọ́n là ṣì wà nínú igbó náà. A ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Brescia ni mò ń gbé. Ara mi le, ṣùgbọ́n n kò gun òkè rí. Ọ̀rẹ́ mi ní wákàtí mẹ́ta ni láti adágún dé Alpo. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Fún ẹni tó ń gun òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, rárá. Lórí òkè, gíga ń jẹ àkókò ju jíjìn lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ṣírò méjèèjì.

Ẹ mú iye mítà tí ẹ fẹ́ gùn, ẹ fi 350 pín in. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le níwọ̀nba ṣe ń gòkè ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ mú jíjìn ọ̀nà ní kìlómítà, ẹ fi 4 pín in. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìdáhùn méjèèjì, ẹ mú un lódindi. Èyí tó kéré, ẹ mú ìdajì rẹ̀. Ẹ wá ro wọ́n pọ̀. Láti mítà 368 dé 1,500 jẹ́ mítà 1,132. Ẹ fi 350 pín in, ó di wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 14. Ká ní ọ̀nà tí ẹ yàn lórí máàpù jẹ́ kìlómítà 9, ẹ fi 4 pín in, ó di wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 7. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 21. Ẹ fi ìsinmi ìṣẹ́jú 10 kún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ti sún mọ́ wákàtí 5 nìyẹn.

Bákan náà lẹ ó ṣe ṣírò ìsọ̀kalẹ̀, àmọ́ mítà 500 lẹ ó fi rọ́pò 350. Ó máa gbà tó wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 23 láìka ìsinmi. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ múra fún wákàtí mẹ́sàn-án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè ní aago mẹ́fà àárọ̀. Láàárín oṣù kẹwàá, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, inú igbó sì máa ń ṣú ṣáájú ìta. Kò sí àyè fún àṣìṣe kankan nígbà náà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gun Baitoni sí Bondone nìkan, mítà 350 péré. Tí ẹ bá débẹ̀ láàárín wákàtí kan ààbọ̀, tí ẹ ṣì lè máa tàkúrọ̀sọ láìmí gúlegúle, ara yín ti ṣe tán fún èyí tó kù. Ọ̀nà ọkọ̀ dé Bondone, nítorí náà ẹ lè fi ọkọ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀nà tí mo tọ̀ dára gan-an, ó fẹ̀, kò ga jù. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ó já sí ibi pẹrẹsẹ kan nínú igbó, ó sì parí síbẹ̀. Mo padà, mo gba ẹ̀ka kejì, òun náà parí bákan náà. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

ÌDÁHÙN: Ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ gan-an lẹ dé. Wọn kò la àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kí ènìyàn lè fi wọ́n dé orí òkè. Torí kí èédú lè sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ṣe là wọ́n. Gbogbo ibi tí wọ́n ti sun èédú ló ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ̀ka kan á wọ òmíràn, bí odò kéékèèké ṣe ń ṣàn wọ odò ńlá, títí gbogbo wọn á fi di ọ̀nà kan tó wọ abúlé. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, torí ẹ̀ka yòówù kó wà, ìsàlẹ̀ náà ló ń mú un lọ. Ẹni tó ń gòkè ni oríta ń dà láàmú. Ẹ má fi ti pé ọ̀nà náà dára ṣe ẹ̀rí pé òun ló lọ sí pápá. Ìbaaka àti ènìyàn tó ru ẹrù ni wọ́n là á fún, nítorí náà gbogbo ẹ̀ka ló dára.

Ibi pẹrẹsẹ tí ẹ rí yẹn, aial ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ó máa ń rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wà láàárín mítà 6 sí 10. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú òkè lápá òkè, wọ́n sì to òkúta láìlo sìmẹ́ńtì lápá ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa ya. Tí ó bá ṣe yín bíi pé aial kọ́, ẹ fi gìgísẹ̀ bàtà ha ewé tó bo ilẹ̀ kúrò. Tí erùpẹ̀ ibẹ̀ bá dúdú kirikiri, tó kúnná, tí àfọ́kù èédú sì wà nínú rẹ̀, aial ni.

Tí ẹ bá dé oríta, ẹ wo bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ kí ẹ tó yàn. Èyí tó ń gba ìbú òkè lọ láìgòkè, aial ló sábà ń já sí, torí wọ́n máa ń to aial mélòó kan sí ìpele kan náà kí ẹrù má bàa gòkè kó tún sọ̀. Èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdẹ́kun, tó sì ń yí kọ́nà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ yíjú padà síbi tí ẹ ti wá, ẹ ya fọ́tò oríta náà láti òkè, ẹ sì kọ àkókò àti gíga tí fóònù tàbí aago yín ń fi hàn sílẹ̀. Bí oríta ṣe rí lójú ẹni tó ń gòkè yàtọ̀ pátápátá sí bó ṣe ń rí lójú ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Tí ọ̀nà bá ti já sí aial, ẹ yí etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn ọ̀nà a máa gba aial kọjá, ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ á sì wà ní òdìkejì, ewé á ti bò ó. Tí ẹ kò bá rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ padà sí oríta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé pápá kò jìnnà mọ́, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ gbá igi mú gòkè tààrà láàárín igbó. Etí òkúta gíga pọ̀ lára òkè wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ewé ni wọ́n sì wà. Ohun tí ènìyàn gùn lókè pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó lè má ṣeé sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ mọ́.

Irú ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tó ń da àwọn ènìyàn lọ́kàn rú. Títí di ọdún 1918, odò Caffaro tó wà lókè adágún ni ààlà láàárín Ítálì àti Austria, nítorí náà ogun 1915 sí 1918 fi ọ̀nà ológun sílẹ̀ káàkiri orí òkè náà: wọ́n fẹ̀ ju ọ̀nà asunèédú lọ, ògiri wọn lágbára, wọ́n sì sábà máa ń lọ sí etí òkè tàbí ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta. Ọ̀nà màlúù kì í dúró lójú kan. Ó máa ń pín sí mẹ́rin márùn-ún tó tò léra wọn lórí koríko. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọ̀nà rárá: kòtò tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń yí gẹdú lulẹ̀. Ẹ má gbà á, yálà ẹ ń gòkè tàbí ẹ ń sọ̀, torí òkúta ibẹ̀ kò dúró, ó sì lè parí sí etí ọ̀gbun.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni wọ́n ṣe ń sun èédú náà gan-an lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí wọn kò fi kó igi wálé kí wọ́n sun ún nílé?

ÌDÁHÙN: Ìwọ̀n ẹrù ló fà á. Igi ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù kì í fún wọn ju nǹkan bí ogún kìlógíráàmù èédú lọ, bẹ́ẹ̀ kìlógíráàmù èédú kan ń mú ooru tó tó ìlọ́po méjì ti igi gbígbẹ wá. Ta ni yóò ru ọgọ́rùn-ún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó lè ru ogún? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní àfonífojì Sabbia àti Trompia nílò èédú púpọ̀, nítorí náà wọ́n gbé iná lọ bá igi.

Igi faggio, tí wọ́n ń pè ní beech lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ó le, èédú rẹ̀ kì í sì í tètè fọ́. Wọ́n á gé e sí nǹkan bíi mítà kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Láàárín aial, wọ́n á ri ọ̀pá mélòó kan mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ihò èéfín. Wọ́n á wá to igi yí i ká lóòró, kí ó fara ti àárín díẹ̀, ìpele kan lórí èkejì, títí yóò fi di òkìtì tó ga ju ènìyàn lọ. Òkìtì yìí ni wọ́n ń pè ní poiat. Wọ́n á fi ewé àti koríko bò ó, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ kúnnákúnná rẹ́ orí rẹ̀. Erùpẹ̀ yìí ló ṣe kókó: kò gbọdọ̀ ní òkúta, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Aial tí wọ́n ti lò rí ní erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà sí ojú kan náà lọ́dọọdún tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹyin iná ni wọ́n ń dà sínú ihò àárín láti òkè. Tí iná bá ti mú, wọ́n á dí orí rẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá gún ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, kí iná lè máa tẹ̀ lé ihò náà bọ̀. Èéfín ni wọ́n ń wò. Tó bá funfun tó sì nípọn, omi inú igi ló ń jáde. Tó bá ti fẹ́lẹ́, tó ń dà bí aró, igi ibẹ̀ ti di èédú. Wọ́n á dí ihò yẹn, wọ́n á gún òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkìtì kékeré lè gba ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó tóbi lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ tọ̀sántòru. Bí igi ṣe ń sún kì nínú, erùpẹ̀ orí rẹ̀ ń ya. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá sùn lọ tí afẹ́fẹ́ gba ojú ibi tó ya yẹn wọlé, iná á gbiná, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á sì di eérú kó tó jí. Abájọ tí ẹ fi máa ń rí òkúta ìpìlẹ̀ àtíbàbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ aial: ibi tí olùṣọ́ ń gbé nìyẹn.

Nígbà tí gáàsì àti iná mànàmáná dé ilé gbogbo lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ó dun ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni àwọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àmì pupa àti funfun ni mò ń rí lára igi àti òkúta, níbòmíràn pupa nìkan pẹ̀lú nọ́ńbà. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Pupa àti funfun. Ẹgbẹ́ àwọn agunkè Ítálì, CAI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1863, ló ń kùn ún. Ní apá Trento, ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ SAT, tó ti wà láti 1872, ló ń tọ́jú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n bá ti kùn ún ní pupa, funfun, pupa, pẹ̀lú nọ́ńbà dúdú láàárín, nọ́ńbà ọ̀nà yẹn nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti máàpù yín mu. Ọ̀dà pupa nìkan tàbí nọ́ńbà lára igi lè jẹ́ ti àwọn tó ń bójú tó igbó, tí wọ́n fi ń pín igbó sí abala. Kò darí ẹnikẹ́ni síbì kankan. Tí ẹ bá ti rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìrí àmì, ẹ padà sí èyí tí ẹ rí kẹ́yìn.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà. T jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn, E jẹ́ ti ẹni tó ti mọ òkè rìn, EE jẹ́ ti ẹni tí òòyì kì í kọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró dáadáa. EEA gba okùn àti àwọn irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ lo máàpù bébà 1:25.000, tí sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ jẹ́ mítà 250, kódà bí máàpù bá wà nínú fóònù.

ÌBÉÈRÈ: Omi mélòó ni kí a gbé? Ṣé kò sí odò lójú ọ̀nà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kúrò létí adágún pẹ̀lú lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ààbọ̀ lítà ní wákàtí kan ni ara ń fẹ́ nígbà tó bá ń gòkè, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí oòrùn bá mú. Irú òkúta tó wà lórí òkè yẹn máa ń là, omi òjò á sì gba inú rẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ènìyàn lè rìn fún wákàtí mẹ́ta nínú igbó tútù láìrí ìṣàn omi kan. Ẹ kún ìgò yín ní Bondone.

Ní pápá, ẹ máa rí ọpọ́n omi tí màlúù ń mu. Tí wọ́n bá kọ «acqua non potabile» síbẹ̀, kò ṣeé mu. Tí wọn kò bá kọ nǹkan kan, ẹ gbọ́n ọn lẹ́nu páìpù tó ń dà sínú ọpọ́n, kì í ṣe nínú ọpọ́n, kí ẹ sì sè é tàbí kí ẹ lo oògùn omi. Ẹ mú nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ dání; ẹni tó ń làágùn tó ń mu omi lásán láti òwúrọ̀ ni iṣan itan máa ń dì nígbà ìsọ̀kalẹ̀.

Àwọn kan béèrè nípa polenta carbonera. Àwọn ará àfonífojì Chiese, tó wà lókè adágún, ló ń sè é: ìyẹ̀fun àgbàdo yẹ́lò láti Storo, wàràkàṣì, bọ́tà àti ẹran salame ni wọ́n ń rò pọ̀, orúkọ àwọn asunèédú ni wọ́n sì fi pè é. Ó dùn, ó sì wúwo. Ẹ jẹ ẹ́ tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màlúù dí ojú ọ̀nà pa, ọmọ màlúù sì wà láàárín wọn. Ẹ̀rù bà mí, mo padà. Ṣé mo lè gba àárín wọn kọjá?

ÌDÁHÙN: Ó dára tí ẹ padà. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ẹran máa ń wà ní pápá, ìyá màlúù tó ní ọmọ ló sì léwu jù níbẹ̀. Ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ láé. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ fi mítà 30 sí 50 jìnnà sí wọn, kí ẹ máa rìn jẹ́jẹ́ láìju apá. Tí màlúù bá tẹ orí ba, tó ń fín imú, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ajá ni màlúù sábà ń lé. Ẹ so ajá yín mọ́ okùn, ṣùgbọ́n bí màlúù bá sáré bọ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ má bàa wà láàárín àwọn méjèèjì.

Níbi tí àgùntàn bá wà, ajá funfun ńláńlá lè máa ṣọ́ wọn. Wọ́n á gbó, wọ́n á sì sáré wá. Ẹ dúró, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má gbé ọ̀pá sókè, kí ẹ wá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ sì gba ọ̀nà jíjìn yí agbo náà ká. Ẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà bí ẹ ṣe bá a. Wáyà iná mànàmáná ní ibi ìdìmú tó ní rọ́bà. Ibẹ̀ lẹ ó dì mú, ẹ ó sì gbé e padà kọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí màlúù ogún bá gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ ṣí sílẹ̀ bọ́ sínú igbó, òru ni darandaran yóò fi wá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sán oṣù keje ni a fẹ́ gòkè torí òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi ò rọrùn fún wa. Ṣé ewu kankan wà?

ÌDÁHÙN: Àrá. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ojú ọjọ́ lè mọ́ kedere láàárọ̀, kí ìkùukùu máa ga sókè láti ọ̀sán, kí àrá sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago méjì. Ọ̀sán gan-an ni ẹ ó wà lórí pápá tí kò ní igi. Ó yẹ kí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ lágogo kan.

Tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán, kí ẹ fi 3 pín in. Iye kìlómítà tó fi jìnnà nìyẹn. Tí kò bá pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kúrò lórí pápá àti etí òkè. Malga, ìyẹn ilé darandaran tó ní ilẹ̀kùn, ló dára jù, ẹ má kàn fara ti ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni inú igbó tí igi rẹ̀ dọ́gba, kì í ṣe abẹ́ igi tó dá dúró. Ẹ jìnnà sí wáyà ọgbà. Tí kò bá sí ibi ààbò, ẹ lóṣòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì so pọ̀, kí olúkúlùkù sì jìnnà sí ara wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn ni kí ẹ tó dìde lọ.

Ẹ sì mú ẹ̀wù òtútù dání. Bí ènìyàn bá gun ọgọ́rùn-ún mítà, ooru ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 0.65. Tó bá jẹ́ 27 létí adágún, ó lè jẹ́ 20 ní Alpo, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí aṣọ tí òógùn ti rin.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mọ́kànlá. Wọ́n ní ejò àti béárì wà níbẹ̀. Ṣé kí n kó wọn lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kó wọn lọ, Mama, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Bondone. Eégbọn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò, torí òun lẹ ó bá pàdé jù. Nísàlẹ̀ mítà 1,500, nínú ewé àti koríko ẹ̀bá ọ̀nà, ó pọ̀, ó sì lè gbé àrùn Lyme àti àrùn tó ń mú ọpọlọ wú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún èkejì. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni kí wọ́n wọ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí àti ẹ̀yìn etí wọn wò. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú eégbọn níbi tó sún mọ́ awọ jù, ẹ fà á jáde láìjá a. Ẹ má da epo sí i, ẹ má fi iná kàn án. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ máa wo ojú ibẹ̀. Tí pupa roboto bá ń fẹ̀ síwájú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn òkúta tó móoru, ògiri aial sì wà lára ibi tó ń yá oòrùn. Kí àwọn ọmọ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó jókòó tàbí kí wọ́n tó ti ọwọ́ bọ àárín òkúta. Tó bá bu ènìyàn ṣán, ẹ jókòó sí ojú kan, ẹ bọ́ òrùka kúrò lọ́wọ́, ẹ má gé e, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má sì fi okùn dì í. Ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ní ti béárì, láàárín 1999 sí 2002 ni wọ́n kó béárì mẹ́wàá láti Slovenia wá sí ọgbà ẹranko igbó Adamello Brenta, àwọn ọmọ wọn sì ti tàn ká ìwọ̀ oòrùn Trento. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí wọn. Ẹ máa sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti yí kọ́nà nínú igbó kíjikíji. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má sáré. Ẹ fa àwọn ọmọ mọ́ra, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn lọ jẹ́jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Orúnkún ń dùn mí nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ìka ẹsẹ̀ mi sì dúdú. Ṣé bàtà ni?

ÌDÁHÙN: Bàtà wà níbẹ̀, bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìka ń dúdú torí ẹsẹ̀ ń yọ̀ síwájú tó ń gbá imú bàtà. Kí ẹ tó sọ̀, ẹ tú okùn bàtà, ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ tún un dì, kí ó le níbi ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ gé èékánná ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fa ọ̀pá gígùn sí i ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ju bó ṣe wà nígbà ìgòkè.

Láti oṣù kẹwàá, ewé faggio ń kún ojú ọ̀nà asunèédú torí ọ̀nà náà ti jin wọlẹ̀. Ewé yẹn lè mu ènìyàn dé orúnkún níbòmíràn, òkúta tó ń yí àti ihò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gba etí ọ̀nà lápá òkè. Ẹ má gé kọ́nà já láti dín ọ̀nà kù: omi òjò á gba ojú ibẹ̀, á gbẹ́ ẹ, ògiri òkúta tó ti wà láti ìgbà àwọn asunèédú á sì wó.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó yẹn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ dán 112 wò síbẹ̀, torí ó lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléeṣẹ́ mìíràn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba áàpù «Where ARE U» sórí fóònù; òun ló ń fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí àwọn 112 ní Ítálì. Tí kò bá lọ, ẹ lo fèrè tàbí tọ́ọ̀ṣì: ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan ni ẹni tó gbọ́ yín yóò fi dáhùn.

Tí hẹlikópítà bá dé, ẹ na apá méjèèjì sókè tí ẹ bá nílò ìrànlọ́wọ́. Apá kan sókè, ìkejì sísàlẹ̀, ló túmọ̀ sí pé ẹ kò nílò rẹ̀. Ìdí tí a tún fi ní kí ẹ máa kọ gíga àti àkókò sílẹ̀ ní oríta nìyẹn. Abẹ́ igi faggio, atukọ̀ òfuurufú kò lè rí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè sọ pé «a wà ní mítà 1,150, lórí aial kan, ogún ìṣẹ́jú lókè oríta kejì láti Bondone», àwọn agbanilà yóò gba ọ̀nà asunèédú náà gòkè wá bá yín.